Ìwé Ìbí Fàdílátù

Ẹ má fi bébà han Fàdílátù. Gbogbo ẹni tó ń tajà ní ìlà rẹ̀ nínú ọjà ńlá Lomé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bú u, á bú yín padà, ẹ óò sì jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ fa sípù rẹ̀ títí kó bàjẹ́, á ní kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan na ìwé sí i pé, "Ìyá, ẹ bá wa fọwọ́ síbí," háà! Ojú rẹ̀ á pọ́n, á gba ìwé náà, á fà á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Ó ti ya ti àwọn òṣìṣẹ́ ọjà rí. Ó ti ya káàdì ilé ìwé Ọmọ́táyọ̀, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ọmọ náà sì sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Òun náà sunkún lọ́jọ́ yẹn, kò sì lè sọ ohun tó ń ṣe òun.

Òwú, sípù àti bọ́tìnnì ló ń tà fún àwọn aránṣọ. Àdúgbò Nukafu ló ń gbé. Bàbá rẹ̀ àgbà ló ti Ọ̀fà wá fi Lomé ṣelé, nítorí náà bí Fàdílátù bá ń sọ Yorùbá, Faransé á yọjú, Mina, èdè àwọn ará Lomé, á fèsì. Bó bá ń bínú ṣá o, Yorùbá pọ́ńbélé ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè pa iná yẹn: Ádámù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní àdúgbò Nyékonakpoè. Bí ìjà bá ti dé, àwọn ará ọjà á pè é lórí fóònù. Á gun alùpùpù rẹ̀ dé, ọwọ́ rẹ̀ á dúdú fún ọ́ìlì, á ní, "Fàdílá, ìbínú kò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà." Obìnrin náà á mí kanlẹ̀, á jókòó. Ó máa ń sọ fún gbogbo ayé pé bí kì í bá ṣe Bọ̀ọ̀dá Ádámù, òun ì bá ti ya wèrè.

Ìyá wọn ni kò gbádùn Fàdílátù. Nígbà tí Fàdílátù wà lọ́mọ ọdún méjìlá, òun ló ń ṣe ipò kìíní ní kíláàsì, ìdánwò àṣejáde sì kù fẹ́ẹ́fẹ́. Ilé ìwé ní kí wọ́n mú ìwé ìbí wá. Ìyá rẹ̀ ní òun ti ṣèèṣì rẹ ẹ́ mọ́ aṣọ, ó ti di ẹ̀kọ sínú omi. Àwọn tí kò mọ̀wé, ta ni yóò sọ fún wọn pé ìjọba lè kọ òmíràn? Bí ọmọ ṣe dẹni tó ń ta bọ́tìnnì nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ó ń se oúnjẹ fún ìyá rẹ̀, ó ń fọṣọ fún un, ṣùgbọ́n kò bá a rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí ara ìyá kò yá, tó ránṣẹ́ pè é, ó ní kí òun kọ́kọ́ dá oníbàárà lóhùn. Kó tó débẹ̀, wọ́n ti faṣọ bo ìyá lójú.

Lọ́dún yìí, Ọmọ́táyọ̀ fẹ́ gba ìwé ọmọ onílùú, wọ́n sì ní kó mú ìwé ìbí ìyá rẹ̀ wá. Ó lọ bèèrè ẹ̀dà rẹ̀ ní ilé ìjọba ìlú, tí wọ́n ń pè ní mérì. Ojú rẹ̀ ti yí nígbà tó padà dé.

"Màámi, wọ́n ní ẹ ti wá gba ẹ̀dà yín lọ́dún tó kọjá."

"Èmi kẹ̀?"

"Wọ́n ní ọ̀gá ilé ìwé ni yín, ní Sanguéra."

Fàdílátù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Òun tí kò kọjá kíláàsì kẹfà! Ẹ̀rín náà dá mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀gá ilé ìwé kan ṣoṣo ló mọ̀ ní Sanguéra: Kẹ́hìndé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, tí bàbá rẹ̀ kó wọn lọ sí ìlú Kpalimé lọ́dún tí ìwé bàjẹ́ gan-an. Nígbà tí wọ́n fi Kẹ́hìndé jọ̀gá, Fàdílátù gbé àkùkọ méjì lọ bá a yọ̀. Madame ni gbogbo èèyàn ń pè é níbẹ̀, ta ló máa bèèrè orúkọ mìíràn?

Ó gun ọ̀kadà. Títí tó fi dé Sanguéra, ó ń to ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu: òun óò dúró ní àárín pápá ilé ìwé, òun óò figbe ta, òun óò lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, Kẹ́hìndé á sì pàdánù iṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Kẹ́hìndé rí ojú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀. Àgbà kúnlẹ̀ fún àbúrò!

"Ẹ dìde jàre, Àǹtí Kẹ́hìndé. Orúkọ mi lẹ fi ń jẹun!"

"Mi ò jiyàn. Ọjọ́ orí mi ti kọjá ti ìdánwò, mi ò sì níwèé. Wọ́n ní ìwọ lo ní kí wọ́n fún mi. Wọ́n ní ọjà lo fẹ́, pé ìwé ti sú ọ. Mo tilẹ̀ fi aṣọ ránṣẹ́ dúpẹ́. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan, ṣé wọn ò fún ọ ni?"

Fàdílátù rántí aṣọ náà. Ádámù ló gbé e wá, ó ní òun rà á kí àbúrò òun má baà sunkún mọ́.

"Ta ló mú ìwé náà wá bá yín?"

"Ádámù ni."

Abẹ́ ọkọ̀ ló bá a ní Nyékonakpoè. "Ádámù!" Kò fi bọ̀ọ̀dá sí i. "Jáde wá. Ìwé mi, ìwọ lo gbé e lọ?"

Ọkùnrin náà jáde, ó wo ojú rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò purọ́. Ó ní bàbá Kẹ́hìndé ló fi òun sẹ́nu iṣẹ́, bàbá náà sì ní bí ìwé kò bá dé, kí òun palẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. "Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, Fàdílá."

"Màámi ńkọ́? Omi aṣọ ńkọ́?"

"Ọjọ́ kẹta ni Màámi mọ̀. Wọ́n gbá mi létí. Mo ní màá jẹ́wọ́ fún ọ. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní, 'Bó bá bínú sí mi, màá kú, á parí. Bó bá bínú sí ìwọ, ta ló máa kù fún un?'"

Fàdílátù gbé sùpánà tó wà nílẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ sá. Kò jù ú. "Ọdún méjìdínlógójì lo fi ń ní kí n mú sùúrù! O gún mi lọ́bẹ tán, o wá ń fẹ́ atẹ́gùn sójú egbò! Mo fẹ́ràn rẹ ju ìyá tó bí mi lọ, Ádámù. Ìyá tó bí mi!"

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó bínú débi pé oúnjẹ korò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá ló wá yé e pé bébà kò ṣẹ̀ òun rí. Ìyá rẹ̀ ló ń fà ya láti ọjọ́ yìí, ìyá náà kò sì jẹ̀bi. Bó bá wá ba ti Kẹ́hìndé jẹ́, bó bá lé Ádámù dànù, kí ni Màámi wá fi orúkọ rere ara rẹ̀ rà? Inú rẹ̀ kò rọ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Àwọn ará mérì ti sọ fún Ọmọ́táyọ̀ pé ẹni tí kò níwèé lè gba ti kóòtù, bí àgbà kan tó mọ ìgbà tí wọ́n bí i bá jẹ́rìí. Nínú gbogbo àgbà ilé wọn, Ádámù nìkan ló ṣẹ́kù láyé.

Lọ́jọ́ Ajé, Fàdílátù dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Mi ò tíì dárí jì yín. Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ wẹ̀, ẹ wọṣọ, ẹ wá jẹ́rìí pé wọ́n bí mi."

Akọ̀wé kóòtù bèèrè orúkọ, ó kọ ọ́. Ó bèèrè ọdún, Ádámù ní kó kọ nǹkan bí ọdún 1975, nítorí ọjọ́ tòótọ́ ti di ti Kẹ́hìndé.

"Orúkọ ìyá?"

Ádámù la ẹnu. Àbúrò rẹ̀ gbá a lọ́wọ́ mú. "Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá. Àbíkẹ́ ni."

Akọ̀wé kò gbọ́ dáadáa, ó ní kó tún un pè. Ó tún un pè sókè, ẹkún sì gbé e. "Àbíkẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi," ó ń wí níwájú gbogbo èèyàn, "ẹ forí jì mí."