Àlejò Níbi Ìgbéyàwó Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Shizue Nakatani fi to ápù sínú àpótí ní Hood River, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó ra ọ̀dà olómi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Ọgbà ápù ló ń yà ṣáá, àmọ́ àwọn ẹranko inú ìtàn tí ìyá rẹ̀ gbé ti Japan bọ̀ ló máa ń rìn kiri nínú rẹ̀.

Lena, ọmọ ọmọ rẹ̀, fẹ́ ṣègbéyàwó ní Sátidé. Shizue fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ya ìgbéyàwó kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fún un, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí oòrùn sì ń ràn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mọ́kànlá tò lọ láàárín igi ápù. Ọmọbìnrin kékeré kan ń yọjú lẹ́yìn igi.

Lọ́jọ́bọ̀, Tokuji, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, wá mu tíì. Bàbá Lena ti kú. Tokuji ni yóò fa ìyàwó lọ́wọ́ wọlé.

Ó nàka sí ọmọ ẹ̀yìn igi nínú àwòrán náà. "Shizue, ta nìyí?"

"Ọmọ tó ń wòran ni."

"Ṣé ìyá wa ò sọ fún ẹ ni? Èèyàn kì í wo ìgbéyàwó kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ẹni tó bá wò ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. O wá fẹ́ gbé e kọ́ sílé ìyàwó tuntun."

"Ẹ̀gbọ́n, àwòrán lásán ni."

"Tó o bá gbé e wá, ẹ má retí mi."

Shizue mọ̀ pé kò ṣàwàdà. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, ó rọra nu aṣọ ọmọ náà kó lè pa á rẹ́. Búlúù rẹ̀ kàn fẹ̀ sí i ni. Ó tún un nu, bébà bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ó dáwọ́ dúró.

"Mo ti wí," ni Tokuji wí.

Shizue mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù, ó tọ́ ọ sí ọ̀dà pupa rúsúrúsú. Ó fi etí ṣóńṣó méjì sórí ọmọ náà, ó fa ẹnu rẹ̀ gùn, ó ki ìrù sábẹ́ aṣọ. Ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Tokuji wò ó pẹ́.

"Kì í ṣe òǹwòran mọ́."

"Àlejò ni. Wọ́n pè é."

"Kí ló wá ń ṣe lẹ́yìn igi?"

"Ó pẹ́ kó tó dé, ojú ń tì í. Ẹ̀yin ló fìwà jọ."

Tokuji rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lára.

Ní Sátidé, ó fa Lena wọlé lásìkò. Lẹ́yìn náà, ó dúró ti àwòrán náà, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé ẹbí ìyàwó lẹni tó wà lẹ́yìn igi yẹn.