Ọmọ Tí Mo Kọ́ Ní Ọ̀rọ̀ Gígùn

Inú ń bí mi, mi ò sì ní purọ́ pé kò bí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lédè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìjọ Aládùúrà wa ní Becontree, nílùú ọba níbí. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, bí mo ṣe ń wá bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, bàbá ìjọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o. Àwọn tó ń wò wá online ń complain pé àwọn ò gbọ́ Òyìnbó yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn young ones máa ka lesson."

Ẹnu tí mo gbé wá láti Èkìtì ló wá di ohun ìtìjú! Ta ni wọ́n sì fi rọ́pò mi? Ọmọbìnrin mi tí a bí síbí. Ọgbọ́n àgbà! Wọ́n mọ̀ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Ta ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà? Nígbà tó wà ní kékeré, èmi náà ni mo ń gbé e jókòó sídìí tábìlì, tí a jọ ń gé ọ̀rọ̀ gígùn bí ẹni ń gé iṣu, ìka kan fún ègé kan. Nínú Yorùbá, gbogbo ègé ló ní ohùn tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kò láàánú: á gbé gbogbo ẹrù lé ègé kan lórí, á gbé ìyókù mì. Tí "justify" bá sì di "justification", ìrù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ ọn ló máa gba agbára. Mo mọ òfin yẹn dáadáa, ahọ́n mi ni kò gbà.

"Ṣé o ò lè sọ pé o ò ní kà á ni?" Mo bi í nínú bọ́ọ̀sì.

"Daddy, ah-ah! Bàbá ìjọ ló ní kí n kà á. Ṣé kí n wá rude sí wọn ni?"



Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Mo fẹ́ kó ṣì í kà. Ó ń kà á lọ geerege, àfi ìgbà tó kan "propitiation", ló bá dákẹ́. Mo wá rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì: àtàǹpàkò kan pákó tí wọ́n gbé Bíbélì lé, ìka kejì tẹ̀ lé e, ó ń gé e bí mo ṣe kọ́ ọ.

Inú ṣì ń bí mi sí bàbá ìjọ. Àmọ́ nígbà tí mo wolẹ̀, ìka tèmi náà ti ń lu orúnkún mi, àwa méjèèjì la jọ parí ọ̀rọ̀ náà. Mo dìde, mo lọ wá bàtà mi, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú mi.