Ilá Tó Kó

Kò sẹ́ni tó mọ ilá yàn tó Olúwaṣèyítán. Ṣèyí ni gbogbo ilé ń pè é. Ọmọ Yàgbà ni, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, tó ń tọ́jú fáìlì ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Lọ́kọ́ja. Bó bá ti dúró níwájú ẹni tó ń ta ilá báyìí, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélé. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀. Pọ́ọ́! Ṣóńṣó ilá ti ṣẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́, ó rọ̀ nìyẹn, ó wọ àpò. Èyí tó bá tẹ̀ tí kò ṣẹ́, ó ti kó nìyẹn, á jù ú padà. Àwọn ọlọ́jà sọ ọ́ ní Ìyá Aṣẹ́lá. Kò bínú. Ó tilẹ̀ ń dùn mọ́ ọn.

Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ká mọ ilá yàn, ọ̀tọ̀ ni ká mọ̀ ọ́n gbìn.

Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé tó háyà ní Ganaja, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó bẹ Àlájì Sàláhúdéènì, onílé wọn, kó jẹ́ kí òun dá ọgbà síbẹ̀. Àlájì gbà. Ṣùgbọ́n oṣù kan kọjá, ewé kan ṣoṣo kò yọjú, bẹ́ẹ̀ àwọn ayálégbé yòókù ń wá ibi tí wọn yóò máa gbé mọ́tò sí. Ni Àlájì bá là á mọ́lẹ̀ fún un. Tó bá fi máa di Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí nǹkan kan kò hù, típà máa wá da òkúta síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ó kọ́kọ́ ra irúgbìn inú agolo níbi tí wọ́n ti ń ta ajílẹ̀. Àwòrán ilá ara agolo náà ń dán yinrin bí ohun tí wọ́n fi epo pa. Ọjọ́ méje. Ọjọ́ mẹ́wàá. Òfo. Ìgbà tó yẹ ìdí agolo wò ló tó rí i pé ọjọ́ lílò irúgbìn náà ti kọjá. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó dá ọgbọ́n. Ó yan ilá tó rọ̀ jù lọ́jà, ó là á, ó yọ hóró inú rẹ̀, ó gbìn ín. Hóró funfun, rírọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹrà. Patricia tí wọ́n jọ ń gbélé wá béèrè bóyá kí òun ti máa fi orí ebè náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò sẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù. Ṣèyí wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọjà Kpata. Ìbéèrè kan ló gbé lọ́wọ́: níbo la ti ń ra irúgbìn ilá? Ẹni tó ń ta ata rán an sí ẹni tó ń ta ọkọ́. Ẹni tó ń ta ọkọ́ ní kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ata. Oòrùn Lọ́kọ́ja, ẹ sáà mọ̀ ọ́n.

Ó kan ìyá kan tó wọ híjáábù, tó gbé apẹ̀rẹ̀ ilá kalẹ̀. Ṣèyí rò pé Nupe ni, ó fi Píjìn béèrè iye tí ilá jẹ́, ìyá náà sì fi Píjìn dá a lóhùn. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti mú ilá ńlá kan létí apẹ̀rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò ṣẹ́. Ó tún un tẹ̀. Kò ṣẹ́. Ló bá ń kùn lábẹ́lẹ̀, ní èdè ilé, pé ilá burúkú wo nìyí, ó mà ti kó.

Ìyá náà gbójú sókè.

“Okun o,” ni ó wí. “Ẹni tó ń bú ilá mi, ọmọ ibo ni?”

Ìkíni ilé, tí Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ jọ ń lò. Ojú ti Ṣèyí. Híjáábù ló tàn án jẹ, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni ìyá náà, àgbẹ̀, Màrdíyà lorúkọ rẹ̀. Ṣèyí kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì tú gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀: agolo, òkúta, Àlájì. Nígbà tó dé orí hóró funfun, ẹ̀rín mú Màrdíyà débi pé apẹ̀rẹ̀ ń mì.

“Ọmọ ọmú lo ní kó lọ bímọ!”

“Ẹ gbà mí, Màmá.”

“Èyí tí o ń bú yẹn ni ìyá ilá. Mo dìídì fi í sílẹ̀ lórí igi ni. Ilá tí kò bá kó, kò lè bí.”

Ọwọ́ Ṣèyí dúró. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Gbogbo ìyá ilá tó ti jù padà.

Màrdíyà fa ìdì kan yọ lẹ́yìn rẹ̀: ilá gbígbẹ tó ti gbé kọ́ sókè ààrò, tí èéfín ti sọ di dúdú. Ó fọ́ ọ̀kan. Hóró dúdú, líle, tó ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Ó kó ìyókù fún Ṣèyí, ó ní kó rẹ hóró wọn sómi di àárọ̀, kó da èyí tó bá léfòó nù, kó gbin èyí tó bá rì. Ó tún ní kó ra ilá tútù pẹ̀lú, torí ẹni tó bú ilá ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ṣèyí rà á. Kò tẹ ẹyọ kan wò.

Nínú kẹ̀kẹ́, ó ń mi ilá gbígbẹ náà létí. Wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Ẹni tó jókòó tì í sún sẹ́yìn díẹ̀. Ṣèyí sọ fún un pé ọlẹ̀ ló ń sọ nínú ìyá ilá.

Sọ́ńdè, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbìn ín. Mọ́ńdè, òfo. Túsìdeè, òjò. Wẹ́sìdeè, òfo. Tọ́sìdeè, ó ń ṣi nọ́ńbà fáìlì kọ níbi iṣẹ́. Fúráìdè, ilẹ̀ sán, fínnífínní, bí èèpo ẹyin.

Láàárọ̀ Sátidé, típà ti ń gbọ̀n níwájú ilé. Ṣèyí sáré jáde, gèlè dání, ó mú Àlájì lọ sẹ́yìn ilé. Àlájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó béèrè bóyá koríko kọ́ nìyí.

“Ilá ni, Àlájì. Ẹ kà á.”

Àlájì kà á lóòótọ́. Ewé méjì-méjì, títí dé ìparí ìlà kẹta. Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ aṣọ rẹ̀ nù, ó sì ké sí awakọ̀ pé iwájú ilé ni kó da òkúta sí.

“Ṣèyí, má jẹ́ kó kó kí n tó rí tèmi jẹ o.”

“Ẹ máa jẹ títí ẹ máa fi kọ̀ ọ́, Àlájì.” Ó nawọ́ sí ìlà ìkẹyìn. “Àyàfi ti ibí yìí. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án, èmi gan-an alára. Èyí máa kó ni.”