Ohun Tí O Mọ̀ Tí O Ò Sọ

"Na apá rẹ, má mira," ni Bàbá wí. Wọ́n fi téèpù yí mi láyà, wọ́n wo ìwé tí ìyá mi kọ, wọ́n tún wo téèpù, àlùmọ́gàjí sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìwé ìròyìn àtijọ́ lọ, ṣàà, ṣàà. Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé ń mú ebi pa mí, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ mira?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, ilé wọn ló kángun sí tiwa ní Ẹdẹ. Ayé ṣọ́jà ni, gbogbo nǹkan wọ́n bí ojú, iná mànàmáná sì ń ṣe bó ṣe wù ú. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ ìyá mi, tó jẹ́ télọ̀, bí a ṣe ń kọ ìlànà tí ẹ̀rọ á máa tẹ̀ lé. Àwọn aládùúgbò fi wá ṣẹ̀sín títí: "Ìyá télọ̀, ṣé kọ̀ǹpútà á máa bá yín gán bọ́tìnnì ni?" Bàbá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò ní kó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá lè la iṣẹ́ rẹ̀ yé ẹ̀rọ tí kò gbọ́n, iṣẹ́ ọ̀hún á yé òun náà sí i.

Ilé-ìwé kan ló gbé aṣọ fún ìyá mi pé kó fi rán yunifọ́ọ̀mù fún gbogbo ọmọ kíláàsì kan. Bó bá gé e tí kò kárí, òun ni yóò wá ìyókù, irú aṣọ náà ò sì sí lọ́jà mọ́. Ó kọ ìlànà rẹ̀ sínú ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀n àwọn ọmọ náà sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní aṣọ á tó, á tún ṣẹ́ kù. Inú ìyá mi dùn, ó ti ń nawọ́ sí àlùmọ́gàjí. Ni iná bá lọ.

"Dúró ná," ni Bàbá wí. "Èmi ni kọ̀ǹpútà báyìí. Ohun tí o kọ nìkan ni màá ṣe." Bí mo ṣe di ẹni tó ń na apá nìyẹn.

Wọ́n lẹ ìwé ìròyìn náà pọ̀, wọ́n gbé e wọ̀ mí. Ó bá mi mu rẹ́gí. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.

"Háà, Bàbá! Ta ló ń rán yunifọ́ọ̀mù kó bá ọmọ mu? Ọdún mẹ́ta ló máa lò ó!"

"Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyá mi. Láyé ìgbà yẹn, gbogbo wa là ń wọ aṣọ tó tóbi jù wá lọ. Wọn á ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú, wọn á máa tú u bí a ṣe ń ga. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀, ìdí nìyẹn tí ìyá mi ò fi kọ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi àyè ìdàgbà kún ìwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣírò lẹ́sẹẹsẹ. Aṣọ ò tó. Ó gbé e padà lọ́jọ́ náà láìtíì gé e, ọ̀gá ilé-ìwé pòṣé pòṣé, ó sì fi kún un nínú èyí tó kù lọ́wọ́ ilé-ìwé.

Télọ̀ ni ìyá mi títí dòní. Nọ́ọ̀sì ni èmi. Bí mo bá ń kọ́ abiyamọ bó ṣe máa lo oògùn fún ọmọ rẹ̀, mo máa ń dúró díẹ̀ bi ara mi pé, kí ni mo mọ̀ tí mi ò tíì sọ?

Ọdún tí ìyá mi tú etí yunifọ́ọ̀mù tèmi kẹ́yìn ni Bàbá kú. Àràárọ̀ ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún wọn rí pé mo fẹ́ràn wọn bíi bàbá tó bí mi. Mo rò pé wọ́n mọ̀.