Òdòdó Méjìlélógójì àti Òdodo Kan

Ẹ dúró ná. Ẹ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí! Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà ti há mi lọ́fun bí ẹ̀rín inú ìpàdé, bí n kò bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, màá bẹ́.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Àmì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé ìbí, ní ọ́fíìsì kékeré tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rẹ̀ nìyí lẹ́yìn fèrèsé kan náà, lórí àga kan náà. Tìmùtìmù àga ọ̀hún ti mọ ìdí rẹ̀ débi pé bí ẹlòmíì bá jókòó síbẹ̀, ńṣe ló máa ń yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ àmì ohùn. Bí orúkọ bá ti ṣe rí ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde, gbọọrọ, láìsí fìlà lórí. Bàbá Àmì ní ìhòòhò lórúkọ bẹ́ẹ̀ wà. Nítorí náà ó ní bírò kan tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, òun ló fi ń wọ̀ wọ́n láṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá fi àmì sí i tán, á lu òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ bá ti balẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kó tó fi àmì sí i, ẹ máa kọrin. Mi ò ṣeré o! Ẹ máa dúró síwájú fèrèsé níṣojú gbogbo èèyàn, ẹ ó sì kọ orúkọ ọmọ yín ní do-re-mi: do fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ti àárín, mi fún ti òkè. Mo ti rí awakọ̀ ńlá kan tó ń làágùn níbẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. "Ibi tí ẹ ò bá sì ti rí àmì," Bàbá Àmì á na ìka sókè, "re ni! Ẹ má gbàgbé. Re ni!"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn ni pátákó kan wà, tó pè ní Pátákó Àṣìṣe. Ibẹ̀ ló ń lẹ ohun táwọn òbí bá ṣì kọ sínú fọ́ọ̀mù mọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kan fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ ní Òjò, torí pé òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ó gbàgbé àmì, ó kọ Ojo, díẹ̀ ló kù kó sọ ọmọ ẹ̀ṣọ́ di ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà. Ọkùnrin kan tó ń kọ́ni lúwẹ̀ẹ́ fẹ́ Òkun, ó kọ Okùn. Òkun tó tẹ́ rẹrẹ di ohun tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́! Èmi a máa lọ síbẹ̀ lọ kà á láìní ọmọ kankan láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Lábẹ́ pátákó náà ni Bàbá Àmì kọ ọ́ sí gàdàgbà: ÀṢÌṢE AKỌ̀WÉ: KÒ SÍ. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n, kò sí.

Ó dáa. Ní ọdún tó kọjá, aránṣọ kan lọ bímọ. Ibùsùn rẹ̀ wà létí fèrèsé, òdòdó pupa kan sì ti gun ògiri ilé ìwòsàn, ó yọjú wọlé, ó ń wò ó. Aránṣọ ní nígbà tí ìrora mú òun, òun bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewé pupa orí òdòdó yẹn. Ó kà á dé mẹ́tàdínlógún, ọmọ dé. Ló bá sọ ọ́ ní Òdòdó. Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ náà dáadáa! Òdòdó kì í pariwo, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń kọjá tí kì í wò ó. Òdòdó ló sì ń yọ kí èso tó yọ, ìyẹn ni pé ẹni tó sọ ọmọ ní Òdòdó ti sọ pé ohun tó dùn ṣì ń bọ̀. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ronú kan ibẹ̀.

Ara gbogbo ìlú náà bù máṣọ. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí aránṣọ sọ tirẹ̀ ní Òdòdó. Oníbúrẹ́dì bí ìbejì, ó kọ̀, kò yan ọ̀kan: Òdòdó Kìíní, Òdòdó Kejì. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n pe Òdòdó kó wá mu mílíìkì níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, ọmọ mọ́kànlá ló rákò wá. Bàbá Àmì ka ìwé ńlá rẹ̀, ó bá méjìlélógójì nínú rẹ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, onídìrí tó ni ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, gbé oyún ńlá sọdá títì wá bá a.

"Bàbá, mo ti rí orúkọ."

"Jọ̀ọ́, má sọ ohun tí mo rò pé o fẹ́ sọ."

"Òdòdó."

"Yéè! Ìkẹtàlélógójì! Ṣé ọmọ la ń bí ni àbí ọgbà la ń gbìn?"

"Ó wù mí, Bàbá."

"Ó wu gbogbo ayé! Bó o bá pè é lójú títì, èrò á gbá ọ lulẹ̀. Ṣáà sọ ọ́ ní Òdodo. Do-re-re. Lẹ́tà kan náà ni, àmì ló yàtọ̀. Òdodo! Ó dún bí ẹni tó ṣeé fọkàn tán."

"Ọmọ mi kì í ṣe adájọ́. Òdòdó ni o. Do-do-mi. Ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́?"

"Mo ti gbọ́ ná."

Kì í ṣe òun nìkan ló gbọ́. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló gbọ́, ohun tó sì padà kó bá a nìyẹn.

Ọmọ dé, obìnrin, orí rẹ̀ rìbìtì. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá síwájú fèrèsé, Bàbá Àmì ti de táì. Onídìrí kọrin rẹ̀, do-do-mi, kò ṣì í. Kọ̀ǹpútà tẹ ìwé jáde: Ododo. Bàbá Àmì gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́ òsì, ó mú bírò sọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi àmì ìsàlẹ̀ sórí O àkọ́kọ́, ó dára bí iṣẹ́ ọnà. Ó kù méjì.

Ọmọ náà bá di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, ó sì rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ inú ni. Ẹ má dán an wò láti sọ bẹ́ẹ̀ létí Bàbá Àmì. Ọkùnrin náà yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó! Ó mọ̀ mí!" Ó fò dìde, ó gbé ọmọ han gbogbo ìlà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó padà jókòó, ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá òǹtẹ̀, bó ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Gbàà! Ó ká ìwé, ó fi sínú àpò ìwé, ó fún ọmọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Onídìrí gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó kó ìwé kalẹ̀, ó jókòó. Nọ́ọ̀sì yọjú.

"Òdodo!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Òdodo! Do-re-re!"

Onídìrí fìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó jókòó tì í. "Ta ló lọ sọ ọmọ ọlọ́mọ ní Òdodo? Àwọn èèyàn kan ò tiẹ̀ láàánú."

Nọ́ọ̀sì rìn wá, ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Màmá, tiyín ni."

Ẹ̀yin èèyàn! Bó ṣe rìn dé ọ́fíìsì bàbá rẹ̀, mi ò lè sọ, àmọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló bá a débẹ̀. Ó la ìwé náà mọ́ gíláàsì fèrèsé.

"Bàbá, kí lẹ kọ síbẹ̀ yìí?"

Bàbá Àmì wọ jígí ojú rẹ̀. Ó bọ́ ọ. Ó nù ún. Ó tún wọ̀ ọ́. Àmì kan. Ibi méjì tó kù, ó mọ́ féfé. Ibi tí ẹ ò bá sì ti rí àmì...

"Re ni!" ni gbogbo ìlà sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù?

"Ó lè jẹ́ íńkì ló gbẹ," ni Bàbá Àmì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó gbẹ fún méjì, ó rin fún ọ̀kan? Ẹ dá mi lóhùn, Bàbá: ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, àbí ẹ ṣàṣìṣe?"

Ẹ wá wo pàkúté tí bàbá wa kó sí. Bó bá ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ni, ó di bàbá alárèékérekè tó yí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ padà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bó bá ní àṣìṣe ni, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wó lulẹ̀ níṣojú ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, tó kúkú wà lórí ìlà lọ́jọ́ yẹn, tó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá Àmì wo pátákó rẹ̀.

"Ó dáa," onídìrí ní. "Títí ẹ ó fi sọ òdodo nípa Òdòdó, ẹ ò ní gbé e mọ́."

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ onídìrí ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún Bàbá Àmì. Lójoojúmọ́, tó bá ti di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó máa ń sọdá sí ṣọ́ọ̀bù, á gbé ọmọ sórí itan, á máa kọ do-do-mi fún un títí yóò fi sùn. Ní báyìí, ẹ̀yìn gíláàsì ló jókòó sí, búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ń wo òdìkejì. Ọjọ́ kìíní, oníbàárà tí wọ́n ń dirun fún ló gbé ọmọ. Ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ọkọ onídìrí. Ọjọ́ kẹta, ẹ ò ní gbàgbọ́, ọkùnrin tó ń lẹ táyà ló gbé e!

"Ẹni tó ń lẹ táyà!" Bàbá Àmì fi búrẹ́dì lu tábìlì. "Pẹ̀lú ọwọ́ yẹn! Akọ̀wé, ṣé o rí ọwọ́ rẹ̀?"

"Ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ọ̀gá," ni Akọ̀wé Kejì sọ, obìnrin kan tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. "Ọmọ náà tún ń di irùngbọ̀n rẹ̀ mú."

Bàbá Àmì kò jẹ búrẹ́dì náà tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó dìde lórí àga rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde, ó yí wá síwájú, ó tò sórí ìlà. Èèyàn mẹ́fà ló wà níwájú rẹ̀. Akọ̀wé Kejì lọ jókòó sórí àga, ó sì yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó kan Bàbá Àmì, Akọ̀wé Kejì ní:

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Kí lẹ bá wá?"

"Àtúnṣe orúkọ."

"Ẹ kọ ọ́ lórin."

"Akọ̀wé, o mọ̀ mí o."

"Òfin yín ni, ọ̀gá. Gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Do-do-mi. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n nígbà tó kan ohùn òkè. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, tí kò níṣẹ́ kankan tó wá ṣe níbẹ̀, ní kó tún un kọ.

Akọ̀wé Kejì fa fọ́ọ̀mù àtúnṣe yọ, èyí tí Bàbá Àmì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ni: Ta ló ṣàṣìṣe? Àpótí méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Òbí àti Akọ̀wé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń lo fọ́ọ̀mù náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àpótí kejì rí. Akọ̀wé Kejì tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n fi sí Òbí. Bàbá àgbà kúkú ni yín, òbí náà ni. Ta ló máa mọ̀?"

Bàbá Àmì bojú wo òdìkejì títì. Wọ́n ń fi kọ́ọ̀mù ṣeré lójú ọmọ náà.

"Akọ̀wé," ó ní. "Fi sí Akọ̀wé. Èmi ni. Ọmọ rẹ́rìn-ín sí mi, mo gbàgbé iṣẹ́ mi."

Kò dúró níbẹ̀ o! Ó gba ẹ̀dà ìwé ìbí tó ṣì kọ náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Pátákó Àṣìṣe, lókè pátápátá, lórí Ojo, lórí Okùn. Ó fi íńkì pupa pa KÒ SÍ rẹ́, ó kọ Ọ̀KAN dípò rẹ̀. Àmì rẹ̀ pé.

Onídìrí sọdá wá wò ó, ìyarun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó padà lọ, ó gbé ọmọ wá, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ gba ojú fèrèsé bí ẹni fi lẹ́tà ránṣẹ́.

"Ẹ fi bírò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e," ló kàn sọ.

Òun ni Òdòdó kẹtàlélógójì báyìí, òǹtẹ̀ tuntun ti bà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó dùn jù: àwọn tó ń ka pátákó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Òdodo náà ò mà burú o, ó dún bí ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Mẹ́fà ti wọ ìwé ńlá lóṣù yìí nìkan, orí Bàbá Àmì sì ti tún ń fọ́.

Ẹ má gba èmi gbọ́, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Fèrèsé kejì ni, lápá òsì bẹ́ ẹ bá wọlé. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ ti mọ orin orúkọ yín lórí o, torí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ kọ ọ́.