Ọkọ̀ Grethe Dákú Lórí Afárá

Nígbà tí Grethe Mølholt ra ọkọ̀ tó ń lo haidirójìn, gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń wa takisí ní ìlú Aalborg, èéfín epo dísù sì ti sú u. Ó ṣàlàyé fún wọn pé gáàsì ni ọkọ̀ òun ń mu, omi lásán ló sì ń kán nídìí rẹ̀. Preben, aládùúgbò rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìdí ọkọ̀ náà, ó ní, "Grethe, ọkọ̀ rẹ ń tọ̀ o." Grethe bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dá a lójú pé láìpẹ́ gbogbo wọn á ra tiwọn.

Kò sẹ́ni tó rà á. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, irú ọkọ̀ náà kò ju mẹ́sàn-án lọ nílùú. Kíndìnrín Aksel, ọkọ rẹ̀, ti daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Grethe sì ń gbé e lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Àfi bí lẹ́tà ṣe dé pé wọ́n fẹ́ ti ilé gáàsì kan ṣoṣo tó ń ta haidirójìn nílùú pa, torí oníbàárà kò tó. Ó fóònù títí ẹnu fi bó o. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún un ní òun ò lè gbà á padà, kódà lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó bá Villads tó ń bójú tó pọ́ǹpù níbi tó ti ń tú pátákó ilé gáàsì náà.

"Villads, jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ kan péré."

"Kì í ṣe èmi ni mo ni ín, mà. Èmi náà ò níṣẹ́ mọ́ láti ọ̀la."

Ó rọ gáàsì kún táńkì fún un. Bí ẹni ru ẹyin ni Grethe ṣe ń wa ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìyẹn. Kò tan ẹ̀rọ amóoru, kí gáàsì má bàa tètè tán. Kóòtù méjì ni Aksel ń wọ̀ lé ara wọn. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí wọ́n ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, gáàsì tán, ọkọ̀ náà sì dákú lórí afárá. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan, Aksel kò sì lè dìde. Grethe gbé orí lé sítíárì, ó sunkún, lẹ́yìn náà ló wá pe Preben.

"Mo wà lórí afárá. Jọ̀ọ́, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí."

Preben sáré gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá. Òun àti Grethe gbé Aksel wọ inú rẹ̀.

"Grethe," Aksel sọ lọ́nà, "ìwọ kọ́ lo ṣìṣe. A ò pọ̀ tó ni."

Takisí dísù ẹlòmíràn ni Grethe ń wà báyìí, ẹni tó ni ín kò sì gbà kó fi gbé ọkọ rẹ̀. Preben ló ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá lọ síbi iṣẹ́, bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n ń wọ̀. Aksel máa ń bì nínú èkejì, àwọn èèyàn á sì ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tó di oṣù kẹfà tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, ó ní kí ìyàwó òun jẹ́ kí òun jókòó sílé, òun ò fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó ti tó. Grethe lọ gbé bàtà rẹ̀ wá. Ó wọ̀ ọ́ fún un, ó so okùn rẹ̀, ó sì fà á dìde.