Ìkòkò Tí Ọmọ Mi Jókòó Tì

Ọmọ ọdún méje ni ọmọbìnrin mi nígbà tó sọ pé òun ò jẹ ẹran mọ́. Òun ló ń já ewé fún àgbò iléyá wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí a sè é tán, mo bu tirẹ̀ sínú àwo. Ó wò ó, ó dìde. Mo rò pé yóò gbàgbé. Oṣù kan kọjá, kò gbàgbé, ó tún fi ẹja kún ohun tí kò jẹ mọ́.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ohun tó bá jẹ sínú rẹ̀: ẹ̀wà agolo mílíìkì kan, ẹ̀gúsí ṣíbí mẹ́ta, wàrà sóyà mẹ́rin. Lóṣooṣù, mo ń mú un lọ sí ibùdó ìlera ní Ìlobù kí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Kílò ogún ló wọ̀n lákọ̀ọ́kọ́. Lóṣù kejì, kílò ogún náà ni. Nọ́ọ̀sì ní kò burú, kí n ṣáà máa fún un ní ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Mo lọ edé gbígbẹ títí ó fi kúnná, mo sì ń da ṣíbí kékeré kan sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Mi ò sọ fún un.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, tí àwọn ọmọ ń pè ní Màmá Ìfọ́n. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fóònù mí pé ọmọ ti bì, àti pé búrẹ́dì gbígbẹ nìkan ló ń jẹ láti àárọ̀. Mo gun ọ̀kadà. Ọ̀nà dákẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sí wàhálà ilẹ̀ tó máa ń wáyé láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n, n kò sì pẹ́ dé.

Ọmọ mi jókòó sórí pèpéle, ó ní òun rí fọ́nrán ẹran nínú ọbẹ̀ òun. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá.

"Ìyá, kí lẹ fún un jẹ?"

"Gbẹ̀gìrì. Kò sí ẹran níbẹ̀. Omi ẹran ni mo fi sè é, mo sì ti yọ gbogbo ẹran kúrò."

"Ẹran náà ni omi ẹran, Ìyá. Ó rí fọ́nrán kan nínú àwo."

"Ṣé omi náà ń hu ìwo ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tan ọmọ náà jẹ mọ́.

Wọ́n wò mí. "Èmi nìkan ló tàn án? Lọ́jọ́ tí mo wá sílé rẹ, mo ṣí ike kan ní kíṣìnnì, edé lílọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ta lò ń lọ̀ ọ́ fún?"

Ọmọ mi yíjú sí mi. "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò sunkún. "Ẹ̀yin náà," ló wí. Mo na ọ̀lẹ̀ tí mo gbé wá sí i, kò gbà á. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Bí kò bá lè jẹ lọ́wọ́ mi, ọwọ́ ta ni yóò ti jẹun?

Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè. Mo bi ìyá bóyá ẹ̀wà wà nílé. A rẹ ẹ́, a bó o. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni mo ní kó fọ ìkòkò, kó sì pọn omi. Mi ò gbé ẹ̀wà lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, nítorí wọ́n máa ń lọ edé mọ́ ata níbẹ̀. Orí ọlọ ìyá ni mo ti lọ̀ ọ́, lẹ́yìn tí ọmọ ti ṣan ọlọ náà lẹ́ẹ̀mejì. A pọ́n ọn sínú ewé, a sè é ní èkuru; ọmọ náà jókòó ti ìkòkò títí ó fi jinná. Nígbà tó kan ata díndín, mo ń gbé ohun kọ̀ọ̀kan sókè kí n tó dà á sínú epo: àlùbọ́sà, ata, irú, iyọ̀. Ó ń mi orí pé kí n dà á.

Ọwọ́ ìyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi agbọ̀n ẹja gbígbẹ kí wọ́n tó rántí. Ọmọ ń wò wọ́n.

"Ọlọ́pàá," ni wọ́n wí, wọ́n sì fa ọwọ́ wọn padà.

Lẹ́yìn tí a kírun Àsárì, ó tú ewé kan, ó bu èkuru náà sí méjì, ó yẹ inú rẹ̀ wò. Ó jẹ ẹ́. Ó tú èkejì. Mo yọ ìwé mi, mo ń kọ̀wé.

"Mọ́mì, ẹ kà á sókè."

Mo kà á: èkuru méjì, ata ṣíbí méjì, kò sí edé.

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta.